Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀dà Keje

Kí wọ́n tó pa ẹ̀dà keje Haihong rẹ́ lọ́la, ó tó àkókò kí n sọ ohun tí mo fi pamọ́ sínú rẹ̀. Èmi Tseng Po-jung, tí mò ń tún alùpùpù ṣe ní ìlú Tainan, tí ẹ ti mọ̀ tipẹ́ láàárín àwa tí à ń tọ́jú Haihong, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí gbogbo wa jọ ń ṣe, èmi ni mo pa ẹja Màmá Hsiu-o. Kì í ṣe Hsiao Yung-fa.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yìí. Bí mo ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tú kọ̀ǹpútà. Ohun tó wù mí jù ni láíbúrì: ètò kékeré tí kì í dá ṣiṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ ètò mìíràn ń gbára lé, bí oríṣiríṣi alùpùpù ṣe ń lo bóòtù kan náà. Ìdí nìyí tí òfin wa fi le. Bí a bá ti gbé ẹ̀dà kan jáde fún aráàlú, a kì í pààrọ̀ láíbúrì inú rẹ̀ mọ́. Bí ó bá jò, ibi tó jò nìkan ni a ó lẹ, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì ní yí. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún èèyàn ni pé: fọkàn balẹ̀, èyí tí o mọ̀ náà ni.

Láíbúrì tó wà lọ́wọ́ mi ló ń gba ìròyìn lẹ́nu ohun èlò tí wọ́n ń kì bọ adágún ẹja láti mọ bí afẹ́fẹ́ inú omi ṣe pọ̀ tó. Yung-fa, àbúrò mi lẹ́nu iṣẹ́, ló kọ ètò tó ń lo ìròyìn yẹn: bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, ètò rẹ̀ á tan àwọn abẹ̀bẹ̀ tó ń po omi. Wọ́n wá rí ihò kan tí olè lè gbà wọ láíbúrì mi. Àwọn tó kọ láíbúrì náà ti dí i nínú ti tuntun. Ojúṣe mi ni kí n mú àlẹ̀mọ́ yẹn nìkan wá sára ti àtijọ́. Mo gbìyànjú, kò bá a mu. Mo tún gbìyànjú. Ó sú mi, èmi tí mo máa ń bú oníbàárà tó bá ń kánjú! Ni mo bá kó odindi láíbúrì tuntun sínú páálí àtijọ́, ìyẹn àpò tí a fi ń di láíbúrì fún aráàlú, mo fi nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A lẹ ibì kan."

N kò mọ̀ pé ìwà láíbúrì tuntun yìí yàtọ̀. Bí ohun èlò inú omi bá dákẹ́, ti àtijọ́ á ní òun kò gbọ́ nǹkan kan, ètò Yung-fa á sì tan abẹ̀bẹ̀. Ti tuntun á máa tún èyí tó gbọ́ kẹ́yìn sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìkùukùu bolẹ̀, tí afẹ́fẹ́ inú omi ń dínkù, ohun èlò inú adágún Màmá Hsiu-o dákẹ́. Láíbúrì mi ń wí pé afẹ́fẹ́ ń bẹ, afẹ́fẹ́ ń bẹ. Abẹ̀bẹ̀ kò yí. Kí ìyá náà tó débẹ̀, gbogbo ẹja shimuyu rẹ̀ ti kọ ikùn sókè.

"Kọ̀ǹpútà yín mọ ìṣirò," ló wí fún Yung-fa, "kò mọ ẹja. Ìwọ náà ò sì mọ̀ ọ́n."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Yung-fa ṣe àtúnṣe kékeré kan sí ètò tirẹ̀, gbogbo wa bá na ìka ẹ̀bi sí i. Èmi ti dán tèmi wò: mo yọ wáyà kúrò lára ohun èlò, láíbúrì ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Mo ti mọ̀ kí ó tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n Jung, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan tó yí padà nínú láíbúrì yín?"

Ibí yìí ni mo ti burú jù. Mo nu òróró ọwọ́ mi, mo rẹ́rìn-ín. "Wo nọ́ńbà rẹ̀. Ṣé ó yí ni? Àìmọ̀ọ́gún, àìmọ̀ọ́tẹ̀ ló ń mú iyán lẹ́mọ o, àbúrò."

Gbangba ni páálí náà wà, ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i wò. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣí páálí tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò yí? Yung-fa lọ tẹrí ba níwájú Màmá Hsiu-o àti àwọn ẹlẹ́ja tó kù. Ó fi ètò kíkọ sílẹ̀, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ láti máa se ọbẹ̀ ẹja. Èmi yọ́ tún láíbúrì náà ṣe, mo sì panu mọ́.

Nígbà tí a kéde pé ọjọ́ ẹ̀dà keje ti pé, pé gbogbo páálí inú rẹ̀ yóò di píparẹ́, ó yẹ kí inú mi dùn: ẹ̀rí ń lọ. Kò dùn. Mo gun alùpùpù lọ bá Yung-fa, mo sì sọ ọ́ tán kí n tó jókòó.

Ó ń bu ọbẹ̀ sínú abọ́. Ó gbé ìgbakọ lé etí ìkòkò. "Ẹ̀gbọ́n Jung, ṣé ẹ mọ iye ìgbà tí mo ti ka ètò yẹn látòkè délẹ̀? Mo ti gbà pé olódo ni mí." Ó bá bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò kì í ṣe olódo!" Ó gbé abọ́ náà síwájú mi. "Ẹ jẹ ẹ́. Inú ń bí mi sí yín, ó sì máa pẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ká lọ bá ìyá."

Màmá Hsiu-o gbọ́ tán, Yung-fa ló kọ́kọ́ kọjú sí. "Mo bú ọmọ ọlọ́mọ láìṣẹ̀. Má bínú." Ó wá wò mí látorí dẹ́sẹ̀. "Ìwọ, abẹ̀bẹ̀ mi kan ń han. Ṣé wàá wọ omi lọ tún un ṣe, àbí nọ́ńbà ni wàá lẹ̀ mọ́ ọn?"

Mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo wọ omi. Bíárìn rẹ̀ ló ti jẹ. Mo pààrọ̀ rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ yí wẹ́rẹ́, omi tutù ta sí mi lójú. Ó ti pẹ́ tí ara mi ti fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìtọ́jú páálí, bí àlẹ̀mọ́ kò bá bá a mu, ẹ ké sí wa, ẹ sọ pé ó le. Ìtìjú kì í pànìyàn. Mo ti dán an wò. Ẹ foríjì mí, ẹ sì dá orúkọ Yung-fa padà sípò rẹ̀. Mo fi àtúnṣe ìkẹyìn ránṣẹ́ sí ẹ̀dà keje lónìí. Kò sẹ́ni tí yóò lò ó kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Kò yí ohunkóhun padà nínú láíbúrì náà. Nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ni mo kọ bó ṣe jẹ́ gan-an: ti tuntun.