Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ṣí Yàrá Àga

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé òtítọ́ kì í wo ọjọ́ tó wọ̀ kó tó dé. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí dé lọ́jọ́ tí àlejò kún ilé, níwájú ilẹ̀kùn kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì bá Tíṣà Aránṣọ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Tíṣà Aránṣọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kékeré kan níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Òun náà ló ń rán aṣọ àlejò. Aṣọ àlejò kì í ṣe yúnífọ́ọ̀mù ojoojúmọ́ o. Inú àpótí ló ń gbé. Ọjọ́ tí àlejò bá fẹ́ wá ni wọ́n ń yọ ọ́ fún àwọn ọmọ, bí àlejò bá ti jáde ní géètì, wọ́n á bọ́ ọ lára wọn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á lọ̀ ọ́, ó di ìgbà mìíràn. Àwọn ọmọ pọ̀ ju aṣọ lọ. Iye tí Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá sọ ni Tíṣà Aránṣọ ń rán. Àwọn tí kò bá rí aṣọ wọ̀, wọ́n ní wọ́n wà nídìí àga: inú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń to àga. Obìnrin yìí kò béèrè rí pé irú àga wo ni ọmọ ń tò láti àárọ̀ títí àlejò á fi lọ. Kí ló fẹ́ béèrè sí? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ọ̀gá.

Ọ̀rẹ́ wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú lásán. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n sùn nílé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń wọ̀ lọ sóde, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni ín. Ìgbà tí Tíṣà Aránṣọ bí ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé, Ọ̀gá ló gbé e jáde nílé ìwòsàn. Ọmọbìnrin ni. Nítorí pé òun àti ìyá ìyá rẹ̀ jọra, Màmá Kékeré ni wọ́n ń pè é. Níwájú èèyàn, “ẹ̀yin” àti “mà” ni Tíṣà Aránṣọ ń lò fún Ọ̀gá, nítorí ipò. Tó bá wá ku àwọn méjèèjì, ó di “ìwọ àgbàyà yìí.”

Oṣù tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá máa fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe tọjọ́ náà bí ẹni pé òun ló bí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ṣíwájú àwọn àlejò, ó ń nawọ́ síbí, ó ń nawọ́ sọ́hùn-ún. “Yàrá sáyẹ́ǹsì wa nìyí. Ẹ wo àwọn gíláàsì yẹn, ọ̀kan ò sán nínú wọn. Yàrá ìránṣọ rè é. Olùkọ́ wa nìyí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán gbogbo aṣọ tí ẹ rí lára àwọn ọmọ.” Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, Tíṣà Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ lọ́rùn. “Gbọ̀ngàn wa nìyí. Èyí tó wà níbí tẹ́lẹ̀ jóná, àwọn àlejò bíi tiyín ló kọ́ tuntun yìí fún wa. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.” Ọdọọdún ló máa ń fi òwe yẹn kún un, ọdọọdún ni àlejò sì máa ń rẹ́rìn-ín. Tíṣà Aránṣọ nìkan ni kì í rín in. Màmá Kékeré ni wọ́n ní ó dá iná náà sílẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà láàárín àwọn àlejò, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

“Ibí yìí ńkọ́, Ọ̀gá?”

“Àga ni, mà. Àwọn àga tó ti kán la kó síbẹ̀.”

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tí ohùn ọmọdé kan fi gba abẹ́ ilẹ̀kùn náà jáde, ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n ti kìlọ̀ fún. “Ẹ j-jọ̀ọ́, a f-f-fẹ́ omi.”

Àga kì í béèrè omi. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ kan ń wo ilẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Tíṣà Aránṣọ rò pé Ọ̀gá máa fi àwàdà bò ó, nítorí pé kò sí ohun tí obìnrin yẹn kò lè fi àwàdà bò. Ṣùgbọ́n ohùn tó ń kólòlò yẹn ti wọ Ọ̀gá lára. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó gbìyànjú títí kó tó rí ojú ihò rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù ojoojúmọ́ wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú nítorí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn wo Ọ̀gá, ó wo gbogbo èèyàn tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé àwọn àlejò ti lọ?”

“Wọn ò tíì lọ,” ni Ọ̀gá wí. Ó yíjú sí wọn. “Ẹ̀yin àlejò mi, ẹ má lọ. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tó yẹ kí n sọ kí n tó kúrò nílé-ẹ̀kọ́ yìí. Tí mi ò bá sọ ọ́ níbi tí mo dúró sí yìí, mo máa gbé e wọ ibojì ni. Àwọn ọmọ yìí kì í to àga. Èmi ni mò ń tì wọ́n mọ́lé. Èyí tí kò lè kàwé, èyí tó ń kólòlò, èyí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́, ẹni yòówù tí mo bá ti rò pé ó lè dójú tì mí. Ọdún tí mo kọ́kọ́ di Ọ̀gá ni mo bẹ̀rẹ̀. Àlejò kan bi ọmọ kan léèrè ọ̀rọ̀, ọmọ náà ń kólòlò, àlejò náà wá wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe ò ju ìyẹn lọ. Ó wo aago. Ojú tì mí débi pé mo búra pé irú rẹ̀ ò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Ẹni tó wo aago ló yẹ kí n lé jáde, ọmọ ni mo wá lé. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣọ́ géètì wa ló ń bá mi tì wọ́n mọ́lé. Ó tiẹ̀ kìlọ̀ fún mi. Ó ní, ‘Ọ̀gá, inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn ọmọ á máa ké.’ Mo ní, ‘Tan àbẹ́là fún wọn.’ Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, ọwọ́ èmi gan-an ni àbẹ́là yẹn ti jáde.”

“Àbẹ́là wo lẹ ń sọ, mà?” Tíṣà Aránṣọ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín àárọ̀ ṣì kù díẹ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀gá kò lè wò ó. “Èyí tó jó gbọ̀ngàn. Ọmọ rẹ wà nínú yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn àtijọ́ lọ́jọ́ náà, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Àwọn tó kù ń kọrin fún àlejò nínú gbọ̀ngàn, èmi ni mo sì ní kí wọ́n gbóhùn sókè. Àbẹ́là ṣubú sórí kọ́tìnì tí a kó jọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ló rò fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n ní Màmá Kékeré ń gbá ilẹ̀kùn, ó fẹ́ pariwo iná, ọ̀rọ̀ náà há a lẹ́nu. Nígbà tí kò jáde, ó gbé àga, ó fi fọ́ fèrèsé, ó ń gbé wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni apá rẹ̀ ti jó. Ká ní mo dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá kéré. Àwọn àlejò sáré dé, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀, ọmọ náà sì la ẹnu láti sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa pẹ́ kó tó jáde. Àyè yẹn ni mo lò. Kó tó pe ọ̀rọ̀ kan, èmi ti rò tẹnu mi tán. Mo ní ó jí àbẹ́là, mo ní ó tan àwọn ọmọ kéékèèké lọ fi iná ṣeré. Mo halẹ̀ mọ́ àwọn yẹn pé ẹni tó bá sọ nǹkan mìíràn, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Mo ta àtaré ọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lára, àwọn àlejò sì ń fọwọ́ gbá èmi lẹ́yìn, wọ́n ń kí mi kú ìpọ́njú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n béèrè pé kí ni mo tún fẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣe yàrá àga kan sí ẹ̀yìn rẹ̀.”

Lọ́kàn, Tíṣà Aránṣọ kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti padà sí pálọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iná. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ náà lọ́wọ́ wá sílé. Ó ní, “Má nà án, ọ̀rẹ́ mi, ọmọdé ni. Ṣáà mú un kúrò ládùúgbò yìí kó má baà di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá.” Nígbà tó lọ tán, ọmọ náà di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. “Mààmi, Ọ̀gá l-l-l...” Ìyá rẹ̀ sì ní ìwà kan tó rò pé ìfẹ́ ni. Ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti ń kólòlò ni òun ti ń bá a parí ọ̀rọ̀: bó bá ní “o-o-o,” òun á ní “omi,” á sì bu omi wá. Lọ́jọ́ náà pẹ̀lú, ó bá a parí rẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá lo tún fẹ́ purọ́ mọ́!” Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kó ẹrù ọmọ, ó mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní ìlú mìíràn. Màmá Kékeré kò padà wálé mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti di ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ bí ọdún bá yí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn òun.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà. Tíṣà Aránṣọ ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà, kò mọ̀ pé ó máa ń dunni báyìí.

“Mo kúnlẹ̀ fún ẹ,” ló wí. Kò sí “ẹ̀yin” mọ́, kò sí “mà.” “Lọ́jọ́ yẹn, nínú pálọ̀ mi, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ pé o ò fi ọmọ mi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. O ń wò mí. O jẹ́ kí n kúnlẹ̀.”

“Mo jẹ́ kí o kúnlẹ̀.”

“O tún fi omi ojú mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdọọdún lò ń pa òwe ilé ọba létí mi!”

Ọ̀gá wó sórí orúnkún méjèèjì níwájú àwọn àlejò, níwájú àwọn ọmọ. “Ọ̀rẹ́ mi, fi orí jì mí. Ẹ̀yin tíṣà tí ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ wò mí dáadáa. Ẹ má fi ọmọ kankan pamọ́ nítorí ojú ayé. Ojú ayé ò ní bá yín jẹ́jọ́ rẹ̀.”

“Dìde,” ni Tíṣà Aránṣọ wí. “Èmi kọ́ lo máa bẹ̀. Mi ò sí nínú yàrá yẹn.” Ó wo àpótí aṣọ àlejò lọ́kàn ara rẹ̀, ó wo gbogbo ọmọ tí òun kò wọn aṣọ fún rí. “Èmi náà jẹ̀bi tèmi.”

Nọ́ọ̀sì àgbà ti ń fún àwọn ọmọ lómi. Tíṣà Aránṣọ jókòó sórí àga kan tó ti kán lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó yọ fóònù, ó pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tí kì í gbé ìpè òun. Ó dún títí. Ó tún un pè. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnì kan gbé e.

“Màmá Kékeré, èmi ni. Ọ̀gá ti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnu rẹ̀ ló yẹ kí n ti gbọ́ ọ. O bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ yẹn, mi ò jẹ́ kí o parí rẹ̀. Jọ̀ọ́, parí rẹ̀ fún mi.”

Ohùn kan jáde, ohùn àgbàlagbà obìnrin tí kò mọ̀ rí.

“Mààmi. Ọ̀gá l-l-l...”

Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu ìyá rẹ̀ pé pérépéré. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú. Àwọn àlejò dúró, Ọ̀gá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, kò sí ẹni tó wo aago.

“...l-ló tì wá m-m-mọ́lé.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi,” ni Tíṣà Aránṣọ wí. “Mo gbọ́ ọ.”