Dẹ́síbẹ́lì Méjì Tí Mo Fi Gba Orin Lẹ́nu Yéjídé

Ẹ̀yin akọrin ìjọ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Mo dúpẹ́ pé mo ṣì ní ẹnu tí mo lè fi sọ ohun tí mo bò mọ́lẹ̀ láti ọdún 1994.

Èmi Akínsànyà ni mo ń gba ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Ìyà ń jẹ ìlú, bẹntiróòlù di àwátì, síbẹ̀ akọrin ìjọ wa yìí wá láti Oǹdó wá ṣe kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin méjì kọ orin kan náà: Yéjídé, ọmọ tíṣà, àti Olúrántí, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Ẹni tí wọ́n bá yàn ni yóò máa lé orin. Ohùn Yéjídé ló dára jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó wá gbọ́ ọ, mo fi dẹ́síbẹ́lì méjì péré, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó, gbé ohùn Olúrántí sókè lórí ẹ̀rọ. Bí ohùn bá fi díẹ̀ ròkè, etí kì í pè é ní ariwo. Adùn ló ń pè é. Baba Adéṣínà, olórí akọrin, mi orí, ó ní, "Ti Olúrántí yìí ló wọni lára. Èkejì ń kọrin bí ẹni tí ebi ń pa." Ọ̀dàlẹ̀ ni mí.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Yéjídé tẹ̀lé mi dé ẹ̀yìnkùlé. "Bọ̀dá, ṣé lóòótọ́ ni ohùn mi tín-ín-rín bẹ́ẹ̀?" Mo wojú ọmọ ọlọ́mọ, mo ní, "Orin kì í ṣe tìẹ. Gbájú mọ́ ìwé ẹ." Ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, kò kọrin mọ́, ì báà ṣe orin ìsìn.

Nígbà tí dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, mo gbé téèpù ohùn àwọn méjèèjì lọ sílé Yéjídé, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Mo mú ohùn méjèèjì dọ́gba, mo ní kó gbọ́. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sunkún, ó ní kí n máa lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló wá bá mi ní ọsibítù. "Bọ̀dá, inú ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí n kú sínú irọ́ yẹn." Ó wá kọ ẹsẹ orin kan fún mi níbẹ̀.

Ẹ má dá Olúrántí ìyàwó mi lẹ́bi; àná ni mo tó sọ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ, kí ẹ tó ní ohùn kan dùn ju èkejì, ẹ kọ́kọ́ mú wọn dọ́gba. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí orin ròkè, ẹ gbé gbogbo ohùn pọ̀, kí ẹ má fi ẹnì kankan sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Yéjídé wà níta. Ó ní òun kò ní wọlé àfi tí mo bá sọ ọ́ tán. Mo ti sọ ọ́ tán. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.