Tówẹ́ẹ̀lì Inú Odó Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó bú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ló máa ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, torí ìyá ọkọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò sì ní dá wá.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àkúrẹ́, Ọ̀bà-Ilé la sì ń gbé. Ọmọ Oǹdó ni ọkọ mi. Iyán loúnjẹ rẹ̀. Tí ẹ bá gbé ìrẹsì fún un lálẹ́, á jẹ ẹ́, á dúpẹ́, á wá bèèrè pé ìgbà wo loúnjẹ máa jinná.

Lọ́jọ́ tí mo wọlé ọkọ, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Má fún ọmọ mi ní iyán inú ọ̀rá." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Mà." Odó tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà ló ṣì wà ní kíṣìnnì mi dòní.

Mo gún iyán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibi yẹn. Mo gún un títí mo fi bí Tọ́lá, tí wọ́n wá gbé mi lọ sí ọ́fíìsì kan tí a kì í tètè jáde. Kí n tó kúrò níbi iṣẹ́ ní Alágbàká, kí n tó rí ọkọ̀, kí n tó bẹ iṣu, kí iṣu tó rọ̀, ọmọ ti sùn láìjẹun. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, iṣu wà lẹ́sẹ̀ mi, mo bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì mo ra pọ́ńdò, ìyẹ̀fun iṣu inú ọ̀rá tí Màmá ní n má rà. Omi hó, mo rò ó, ó parí! Àfi bí mo ṣe rántí ọkọ mi ní pálọ̀. Kì í wo aago. Ìgbà tó bá gbọ́ ìró odó ló máa ń dìde lọ fọwọ́. Ni mo bá gbé ọmọ odó, mo ń gún odó òfìfo. Ó ń dún ko, ko, ko.

Ọkọ mi ké láti pálọ̀ pé, "Ìyá Tọ́lá, ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

Ha! Mo sáré fa tówẹ́ẹ̀lì kan yọ lórí okùn, mo rẹ ẹ́ sómi, mo ká a sínú odó, mo tún gún un. Pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ẹ̀yin ará, iyán gan-an ló ń dún! Ó jẹun tán, ó lá ọwọ́, ó ní, "Ìyàwó mi, apá rẹ ò ní rọ." Mo ní, "Àmín."

Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, màá se ẹ̀gúsí, màá ro ẹ̀fọ́, màá pín wọn sínú abọ́, ó di inú fìrísà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, bí omi ṣe ń hó lórí gáàsì ni mò ń lu tówẹ́ẹ̀lì. Oúnjẹ á délẹ̀ kí ìròyìn tó parí. Mo ń ráyè bá Tọ́lá ka ìwé, mo tún ń ráyè na ẹsẹ̀. Inú ilé wa dùn, kí n má purọ́ kún irọ́.

Màmá wá kí wa. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ìró odó, wọ́n ń mi orí. Wọ́n gbé e dé Oǹdó, wọ́n ròyìn mi fún gbogbo obìnrin ìjọ wọn. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n ń gbé wá fún mi, wọ́n á tún gbàdúrà fún apá mi. Mo sì ń gbà á. Ojú ò tì mí.

Àfi ọ̀rọ̀ Fúnmi. Àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ ẹ, nọ́ọ̀sì ni, Oǹdó ni wọ́n ń gbé, nítòsí Màmá. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹ̀bà síwájú ọkọ rẹ̀, orúkọ mi ni wọ́n ń pè lé e lórí. "Ìyá Tọ́lá ń lọ sí ọ́fíìsì, ó sì ń gúnyán. Kí ló wá ṣe ìwọ?"

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí lórí fóònù. Ẹkún ló ń sun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Abẹ́rẹ́ gan-an, mi ò lè dì í mú dáadáa níbi iṣẹ́. Ọkọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bóyá èmi ni mi ò tóó ṣe ìyàwó."

Ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Sùúrù ni, àbúrò mi." Sùúrù! Èmi tí mò ń gún tówẹ́ẹ̀lì! Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ojú tì mí gidigidi. Irọ́ tí mo pa kí n lè sinmi ló ń bó ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́.

Màmá náà wá pè. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ní àwọn máa mú Fúnmi wá lọ́jọ́ Sátidé, kó dúró tì mí ní kíṣìnnì, kó wo bí mo ṣe ń gún un.

Lánàá, mo ní kí n tiẹ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún ọkọ mi. Mi ò fọwọ́ kan odó rárá. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mò ń dúró kó bi mí léèrè. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Iyán òní kúnná o, Ìyá Tọ́lá. Oorun ti gbé mi lọ, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ìró odó." Mo kó abọ́ wọ kíṣìnnì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá dáná, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Màmá ní Oǹdó kí Sátidé tó pé ni, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n dé, kí n fa tówẹ́ẹ̀lì yọ lójú wọn? Mi ò bẹ̀rù èébú. Àdúrà apá yẹn ni mi ò fẹ́ pàdánù.

Fúnmi, tí ìwé yìí bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́, foríjì mí. Gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀, fi nǹkan pa ọwọ́ rẹ. Ó ti pẹ́ tí tèmi ti kan iṣu gbẹ̀yìn.