Ilẹ̀kùn Ilé Páálí

Nínú taksí tó ń ti Pobè lọ sí Sakété ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan gbé ilé kékeré tó fi páálí ṣe lé itan, obìnrin kan jókòó láàárín wa. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n lè rí bí ilé wọn yóò ṣe rí. Ìpàdé ẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lẹ ilẹ̀kùn yìí pa kí a tó débẹ̀. Kọ́ọ̀lù tí a fi ń lẹ páálí wà nínú àpò mi," obìnrin náà ní.

"N ò ní lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í lẹ ilẹ̀kùn. Ó ní ká ṣí i sílẹ̀ kí onílé lè rí ọ̀nà wọlé."

"Ìgbà tí ìsọ̀ káfíńtà kan ṣì gba gbogbo yín nìyẹn. Ní báyìí, àwọn ará ìlú Takon wà nínú ẹgbẹ́, ti Aguidi wà níbẹ̀, ti Ahoyéyé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Òfin ti wà. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ń mì, ẹni tó ṣe é ò ní jókòó nípàdé."

"Èmi tí mo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà. Ṣebí ẹ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a ṣòfin? Ẹ nawọ́ sókè lọ́jọ́ náà."

Ọkọ̀ kó sí kòtò, ilẹ̀kùn kékeré náà ṣí. Ọkùnrin náà fi ìka tì í, ó tún ṣí. Obìnrin náà ki kọ́ọ̀lù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Mo nawọ́ lóòótọ́," ọkùnrin náà ní. "Mo rò pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là ń bá wí."

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti tún un sọ, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń bá ará inú ilé páálí náà sọ̀rọ̀: "Mo rò pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé là ń bá wí."