Ẹgbẹ̀rin Ìṣísẹ̀ Tí Mo Gé Dànù

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àga yẹn súnmọ́ mi. Dókítà ti sọ ohun tó fẹ́ sọ, ara mi náà sì ti jẹ́rìí sí i. Bí n kò bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, wọn á sin ín mọ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni, Tíṣà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe fíìmù ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé ìwé ni àwa méjèèjì jọ wà. Tíṣà ló ń ro ohun tí fíìmù máa kọ́ni, òun náà ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Èmi ni mo ń gé e, tí mo ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àlùmọ́gàjí ni wọ́n ń pè mí. Mo mọṣẹ́ o, àmọ́ sùúrù ni n kò ní. Ọdún kan, ó ṣe fíìmù lórí bí ayé àti ìràwọ̀ ṣe tóbi tó, àti bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tó. Ó gbé bọ́ọ̀lù sórí àpótí lẹ́nu géètì, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ní oòrùn nìyí.” Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó gbé hóró ata kan kalẹ̀: “Ayé wa nìyí, tòkun tìlú.” Lẹ́yìn ìyẹn, ó kàn ń rìn ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó kọjá ilé ìfìwéránṣẹ́, ó di ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀lù kó tó dé ọ̀dọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù. Ó wá ní ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn jù, ẹni tó bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti ìdí bọ́ọ̀lù yìí á lò ju oṣù márùn-ún lọ.

Inú bí mi débi pé mo lu tábìlì. Fíìmù wo nìyí? Ọkùnrin kan ń rìn, ó ń rìn, ó ń rìn! N kò bi í léèrè. Mo gé ìrìn náà kúrò pátápátá, mo so bọ́ọ̀lù mọ́ hóró ata bí ẹni pé orí tábìlì kan náà ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n fi han àwọn olùkọ́, ẹ̀rín pa wọ́n. “Tíṣà, ẹ ní ó jìnnà. Níbo ló jìnnà sí?” Ó sáré wá bá mi. “Àǹtí, ìrìn mi dà?” Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi yìí sọ: “Ìrìn wo, sà?” “Èyí tí mo rìn láti géètì.” Mo wò ó lójú kòrókòró. “Ẹ ò rìn kankan, sà. Ẹ kàn ní ẹ fẹ́ rìn ni. Bóyá ó ti rẹ̀ yín.” Ẹni tó gbé kámẹ́rà ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn, kò sẹ́ni tó lè gbè é. Ó ní, “Àbí mo lálàá ni?” Àpò tí mo kó fíìmù tí mo gé sí wà lábẹ́ tábìlì, ó fara kan ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo dáná sun ún. Ìkà wo ló jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kò pé oṣù méjì tí ó fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà ní kí n máa rìn láràárọ̀. Ìbínú ni mo fi ń ka ìṣísẹ̀ mi. Mo ka igba péré, ẹsẹ̀ ti ń ro mí, ó ṣì ku ẹgbẹ̀ta kó tó pé ẹgbẹ̀rin tí Tíṣà rìn. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ìrìn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà! Ó mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kó sú wa ni, kí ara wa lè mọ bó ṣe jìnnà tó. Mo wá a lọ. Wọ́n ní ó ti kú. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi níjẹta pé, “Kò gba orí ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá tilẹ̀kùn tán, á ní kí n wá wò ó bóyá òun tì í.” Èmi ni mo ṣe é, màmá. Èmi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ wa tẹ́ ẹ wá kí mi, tẹ́ ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ẹ̀yin náà ń ṣiṣẹ́ lórí iṣẹ́ ẹlòmíì; tí kò bá yé yín, ẹ bi í. Tẹ́ ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Màmá, ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ sílé, kẹ́ ẹ sọ fáwọn ọmọ yín pé orí bàbá wọn pé títí ó fi kú. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ọkàn yín bá gbà á, ẹ dárí jì mí.