Owó Iná Ìyá Délé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣe àmín títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀, mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní nínú ilé ìjọsìn yìí, oorun sì gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́. Ó ní, "Dìde, wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Fóònù ni mo fi ń bá àwọn ará àdúgbò san owó iná àti owó omi.

Òkùnkùn ló kọ́kọ́ mú mi wọ̀. Mo rí àwọn èèyàn tí fóònù tó pọ́n bí irin inú iná lẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, ìka wọn ń jó, wọn ò lè jù ú sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń ké pé, "Ó ti lọ! Ó ti lọ!", kò sì sí ohun tó lọ.

Ọkùnrin náà ní, "Òpùrọ́ ni wọ́n. Wọ́n jẹ owó olówó, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ iná tó ń kọ owó iná ránṣẹ́ sí ilé tí iná kì í tàn. Ìwé owó náà ni wọ́n ń jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu wọn.

Nígbà tó yá, ó mú mi dé ibi ìmọ́lẹ̀. Ta ni mo rí? Ìyá Délé, ìyá arúgbó tó ti ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, tó ní ìtọ̀ ṣúgà.

Délé fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, kí n fi ra iná fún ìyá rẹ̀. Mo fi ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mo sọ fún ìyá pé owó ò tíì wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ilé fi ṣókùnkùn. Oògùn abẹ́rẹ́ inú fìríìjì rẹ̀ bàjẹ́, ìyá sì kú. Níbi ìsìnkú, Tóyìn àbúrò Délé nàka sí i pé, "Ìwọ lo pa ìyá wa!" Délé yíjú sí mi pé kí n jẹ́rìí òun. Mo ní, "Mi ò rí owó kankan." Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá. "Ẹ dárí jì mí, mà."

Ó ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mo bínú sí ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí títí mo fi kú. Ta ni yóò bá mi sọ fún un?"

Mo ta jí, mo ń sunkún.

Bọ̀dá Délé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, owó yín dé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ló dé. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Sísítà Tóyìn, ẹ̀gbọ́n yín kọ́ ló pa ìyá yín.

Ẹ má di Bọ̀dá Délé mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jáde lọ.

Ẹni tí owó aláìní bá wà nínú fóònù rẹ̀ báyìí, kó má dúró de ìparí ìsìn. Kó tẹ̀ ẹ́, kí owó náà lọ. Èmi ti jẹ́wọ́, àmọ́ ìyá ò lè jí mọ́.