Kí Wọ́n Tó Kan Pósí Crisóstomo

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti òkè Loma Quieta rìn nínú ẹrẹ̀ wá, ẹ kú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ife kọfí yín sílẹ̀ ná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta dómínò lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ dáwọ́ dúró. Mo mọ̀ pé oòrùn ń mú, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ tán, fáda sì ń wo aago. Ẹnikẹ́ni ò ní kan pósí yìí títí n ó fi sọ̀rọ̀ mi tán. Òòlù rèé lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rù ń bà mí. Èmi Nicanor ọmọ Fermín, tí mo dì mọ́ igi nígbà tí ìjì ń gbé òrùlé bàbá mi lọ, ẹ̀rù ń bà mí.

N kò kàwé. Bàbá mi ní kòkó kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń ká a. Ohun tí mo mọ̀ nípa ayé, ẹnu Crisóstomo ni mo ti gbọ́ ọ. Bí a bá ń fọ́ kòkó, òun a máa wí: oyin kì í bàjẹ́. Ojú ògòǹgò tóbi ju ọpọlọ rẹ̀ lọ. Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan wà tó ní ọkàn mẹ́ta. Mo ní, "Mẹ́ta kẹ̀? Kí ló ń fi wọ́n ṣe?" Ó ní, "Ìwọ tó o ní ẹyọ kan, kí lo fi ń ṣe?"

Alágídí ni! Kò lè gbọ́ àṣìsọ kó dákẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, fáda dárúkọ ẹni mímọ́ ọjọ́ náà, Crisóstomo fò dìde: "Fáda, ẹ jọ̀ọ́, ti ọ̀la nìyẹn!"

Ṣé ẹ rántí eré tí gbogbo wa ń wò lórí tẹlifísàn rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sin Leocadia láàyè? Ẹ̀yin ń sunkún bó ṣe ń fi èékánná họ pósí. Crisóstomo ò sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú: "Bàbá ìsàmì ọmọ mi, má jẹ́ kí wọ́n ṣe mí báyẹn o." Mo fi í ṣẹ̀sín.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ṣubú níbi tí a ti ń sá kòkó. Kò mí, kò mira. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. A ti tan àbẹ́là. Eduvigis àbúrò rẹ̀ ń ké: "Ẹ̀gbọ́n mi, ní apá àádọ́ta eré yẹn, nígbà tí Leocadia ṣègbéyàwó, ẹ̀rín yín ò tán!" Òkú la ẹnu: "Apá kejìlélọ́gọ́ta ni."

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi yìí ló pa ojú alààyè dé nígbà yẹn! Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá.

Eduvigis, má fà mí láṣọ. Mo mọ̀ pé dókítà ti wò ó lọ́tẹ̀ yìí. Dókítà ò mọ Crisóstomo.

Ẹ dákẹ́. Ẹ di àwọn ọmọ yín lẹ́nu.

Crisóstomo! Apá àádọ́ta ni Leocadia ṣègbéyàwó!

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan? Èmi náà ò gbọ́.

Crisóstomo! Ọpọlọ ògòǹgò tóbi ju ojú rẹ̀ lọ!

Eṣinṣin nìyẹn. Orí àbẹ́là ló wà.

Ọ̀rẹ́ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ẹran omi yẹn, ọkàn kan péré ló ní.

Ẹ wò ó. Ó jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti kú, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó ti kú lóòótọ́. Bàbá ọmọ ìsàmì mi, máa lọ jẹ́ẹ́, kí ọ̀nà tẹ́jú fún ọ. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà Pétérù, jọ̀ọ́, wọlé ná kí o tó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Mẹ́ta ni, Crisóstomo. Mẹ́ta ni.

Ẹ gba òòlù yín.